Okùn Àlejò ní Ritoy

Àwọn tó mọ erékùṣù Ritoy nígbà tí èéfín ṣì ń yọ lórí òrùlé ibẹ̀ kò pọ̀ láyé mọ́. Ní ìhà àríwá àwọn erékùṣù Faroe ló wà, òun nìkan, bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nínú eré. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ni, omi náà ni, títí dé ibi tí yìnyín ti ń jọba. Koríko ló ń hù lórí ilé wọn, àgùntàn a sì máa gun òrùlé lọ jẹun bí wọ́n bá gbàgbé ọgbà ní ṣíṣí. Kò sí igi kankan níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ritoy lè gbó kó tó fojú kan igi tó dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀.

Kò sí èbúté níbẹ̀ náà. Àpáta dúdú kan ni wọ́n ní, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ọkọ̀ á sún mọ́ ọn, ìgbì á gbé e sókè, àfi kí ẹni tó ń bọ̀ fò ní kété tí imú ọkọ̀ bá bá àpáta dọ́gba. Bó bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ á ti já wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bíi korobá tí okùn rẹ̀ já sí kànga. Ẹni tó bá wà lókè ni yóò gbà á.

Bí Heini ṣe dé Ritoy nìyẹn, lásìkò tí àwọn ẹyẹ ń padà bọ̀ láti òkun, ọdún díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ti ara rẹ̀ ló bá wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mikkal, ló rán an.

Mikkal ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Klaksvík, ó sì ní ilé pupa kan tó kọjú sí omi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò fi ọmọ sílẹ̀. Òun ló tọ́ Heini dàgbà, nítorí òkun ti gbé bàbá wọn lọ nígbà tí Heini kò tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀. Bí ẹja bá ku ẹyọ kan nínú àwo, Heini ló ń jẹ ẹ́, Mikkal á ní òun ti yó. Heini mọ̀ pé irọ́ ni. Ó mọ̀ láti kékeré.

Lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó. Mikkal pe àbúrò rẹ̀ jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò yí etí ife kọfí rẹ̀ ká.

"Heini, ìwọ lo ní ẹnu nínú àwa méjèèjì. Ọmọbìnrin kan wà ní Ritoy, ọmọ Niklas. Malan lorúkọ rẹ̀. Lọ bá mi fẹ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n! Níbo lẹ ti mọ ọmọ Ritoy?"

"Níbi ọdún Ólavsøka, ní Tórshavn. Mo ra súwẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí lẹ bá a sọ?"

"Mo ní, 'Èló ni?'"

Heini dúró de ìyókù. Ìyókù kò dé.

"Kò tán síbẹ̀, àbí?"

"Ó dá mi lóhùn," ni Mikkal wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ohùn rẹ̀ dára."

Heini rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Mikkal ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ sì parí. Kí ni Mikkal máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò ní òun kò ṣe?

Ọjọ́ tó dé, ọkọ̀ ńlá dúró lókèèrè, àwọn ọmọ iṣẹ́ Mikkal méjì sì fi ọkọ̀ alájẹ̀ gbé e sún mọ́ àpáta. Gbogbo ọkùnrin Ritoy wà lórí bèbè òkè níbi tí wọ́n ti ń kó ẹyin ẹyẹ. Obìnrin méjì péré ló wà létí omi tí wọ́n ń la ẹja sá, arúgbó kan àti ọmọbìnrin kan. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pariwo pé, "Fò!" Heini fò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún yọ̀. Ó gbọ́ bí òkun ṣe ń mí lábẹ́ òun, ó ní ó parí. Àfi bí ọwọ́ kan ṣe dì í mú lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ tó gbóná, tó le, tó ń rùn bí ẹja àti irun àgùntàn.

"Malan!" Arúgbó yẹn ló lọgun. Ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù inú igbe náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Heini fi rò pé lójú ìyá náà, òun ti rì sómi.

Ọmọbìnrin náà fà á gòkè, àwọn méjèèjì ṣubú lu ẹja.

"Ọmọ Klaksvík," ló wí, èémí rẹ̀ ń sáré, "o wúwo ju àgbò lọ."

"Ṣé ìwọ ni Malan?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá tó pariwo yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rín ń tì lójú. Ẹni tí wọ́n rán an sí gan-an nìyí. Heini kò tíì jẹ́ iṣẹ́ kankan, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fẹ́ kó fi í sílẹ̀.

Ní Ritoy, wọn kì í bi àlejò léèrè ohun tó bá wá títí òkun yóò fi là fún un láti padà. Ìwà ọ̀yájú ni lójú wọn, bí ẹni ń lé èèyàn lọ. Niklas, bàbá Malan, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin ńlá tí irùngbọ̀n rẹ̀ rí bíi koríko orí òrùlé. Ó bọ Heini lọ́wọ́, ó gé ẹran àgùntàn tí afẹ́fẹ́ gbẹ fún un, ó ní kó jókòó. Kò bi í ní nǹkan kan. Heini náà ní lọ́la lòun máa sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìgbì ti ga ju ilé lọ. Òkun ti pa ilẹ̀kùn dé.

Ó wà níbẹ̀ títí oṣù fi lé, tó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀.

Kò lè máa jẹun kó máa wòran, torí náà ó bá wọn gun òkè. Niklas fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri àpáta, níbi tí àwọn ẹyẹ jókòó sí bí ọjà tó kún, tí ariwo wọn kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Àwọn ẹyẹ lundi tí ẹnu wọn pupa bí ata ń wò ó, bí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wo ẹni tó pẹ́ dé. Ọwọ́ Niklas lórí okùn kò gbọ̀n rí.

"O ṣe é fọkàn tán lórí okùn," ni Niklas wí fún un ní ọjọ́ kan. "Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tàpá. Ìwọ kì í tàpá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Heini lára bí ẹ̀gún. Ṣé ẹni tó ń jẹ oúnjẹ yín, tí kò tíì sọ ohun tó gbé e wá, tó ń fi ojú wá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàkiri ilé, ló ṣe é fọkàn tán?

Nítorí pé ó ti ń fi ojú wá a. Bó bá jí, etí rẹ̀ á ti wà ní ilé ìdáná, bóyá yóò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá há wọn mọ́lé, tí Ìyá àgbà Elspa, arúgbó tó lọgun létí omi lọ́jọ́ yẹn, ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, Malan á máa hun súwẹ́tà. Ní ọjọ́ kan, ó na apá aṣọ náà sí apá Heini láti wọ̀n ọ́n.

"Ta lo ń hun ún fún?"

"Ẹni tí apá rẹ̀ bá gùn tó báyìí."

"Èèyàn mélòó ni apá wọn gùn tó báyìí ní Ritoy?"

"Ìbéèrè rẹ ti ń pọ̀," ni Malan wí, ó gbé aṣọ náà, ó yí ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá àgbà ṣí ojú kan, ó tún un dì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, àwọn méjèèjì lọ wá abo àgùntàn kan tó bímọ. Kùrukùru náà nípọn débi pé wọn kò rí ẹsẹ̀ ara wọn mọ́. Malan fà á wọ inú ihò àpáta kan pé kí wọ́n dúró kó ká.

"Ibí ni ìyá ńlá wa kan láyé àtijọ́ sá sí," ló wí, "lọ́jọ́ tí àwọn olè òkun dé láti Áfíríkà níhà àríwá, àwọn tó ń ra èèyàn, tó ń ta èèyàn."

"Wọ́n dé Ritoy?"

"Wọ́n dé. Àwọn ará wa rí ọkọ̀ tí ìgbì ń lù, wọ́n ní ẹlẹ́ran ara kì í wòran ẹlẹ́ran ara. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ nawọ́ sí wọn. Ọwọ́ tí wọ́n nà yẹn náà ni àwọn olè náà fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí."

Heini ti gbọ́ ìtàn àwọn olè òkun rí, ta ni kò gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ti ọwọ́ yẹn rí.

"Ẹ sì tún ń fa àjèjì gòkè títí di òní?"

"A ní okùn," ni Malan wí. Ó wo òde. "Kùrukùru ti ń ká. Dìde, àgùntàn ò ní wá bá wa níbí."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Heini fi irọ̀rí bo ojú. Mikkal, ẹ dákun. Mikkal, òkun ló fà á. Ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì dá, ó sì mọ̀ pé òun ti dá a.

Òkun là ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Omi tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí ọkọ̀ Mikkal lókèèrè. Niklas gbé síbí rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ẹnu.

"Ó ti tó àsìkò tí mo lè bi ọ́ wàyí, ọmọ Klaksvík. Kí ló gbé ọ wá?"

Malan ń hun apá kejì súwẹ́tà náà. Kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Heini rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aṣọ náà. Ọlọ́run ò! Malan rò pé nítorí òun ni Heini ṣe wá.

Heini rántí ẹja tó ku ẹyọ kan nínú àwo.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Mikkal, tó ni ọkọ̀ tó wà lójú omi yẹn. Ó ní kí n wá tọrọ Malan fún òun."

Ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó sọ bí Mikkal ṣe jẹ́ olóòótọ́, bí kò ṣe ń mu ọtí àmujù, bí ilé rẹ̀ ṣe tóbi, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rọ̀ sí ẹni tó bá fẹ́ràn. Kò parọ́ kan mọ́ ọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó dára tó mọ̀, ó kó o lé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń ta ilé rẹ̀.

Ojú Niklas tàn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú sí Ritoy ní àsìkò òtútù kan. Iná tí wọ́n dá lórí òkè láti fi pe dókítà jó títí ó fi di eérú, ọkọ̀ kan kò wá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó wu Niklas láyé tó ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí yóò mọ ọ̀nà ilé òun.

"Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì!" ló wí. "Ìyá, ẹ gbọ́? Malan, o gbọ́?"

Malan ti gbé aṣọ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ́ ẹyẹ. Heini nìkan ló ń wò.

"Ṣé nítorí ẹlòmíràn lo ṣe fò?"

Heini fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Fífò wo?" ni Niklas béèrè. "Malan, ọ̀rọ̀ ọkọ là ń sọ, o ń sọ ti fífò. Kí lo wí sí i?"

Ọmọbìnrin náà ká súwẹ́tà tí kò tíì parí náà, ó ti abẹ́rẹ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó dìde.

"Kí Mikkal wá fúnra rẹ̀, Bàbá. Èmi ni n ó dúró gbà á lórí àpáta."

Niklas pàtẹ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ó ti gbà nìyẹn.

Ìyá àgbà Elspa ló sin Heini dé etí omi. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ lọ, títí wọ́n fi dé ibi ìṣó irin ńlá kan tó wà lára àpáta. Okùn tó nípọn kan ló so kọ́ ọ, wọ́n ti ta á lójóbó.

"O rí okùn yìí?"

"Mo rí i, Ìyá."

"O rí i lọ́jọ́ tí o dé?"

"Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, Ìyá. N ò rí nǹkan kan."

"Okùn àlejò nìyẹn. Láti ìgbà àwọn olè òkun, okùn la fi ń gba gbogbo àjèjì tó bá dé síbí, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ aṣojú ọba. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Okùn ṣe é jù sílẹ̀. Ẹni tí o bá na ọwọ́ sí, bó bá já sómi, ìwọ náà já sí i. Ẹni tiwa nìkan la ń na ọwọ́ sí." Ó fi ọ̀pá kan okùn náà. "Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ẹnì kan ṣoṣo lójú ayé rẹ̀ ló ń na ọwọ́ sí tí kì í ṣe ẹbí. Ní ọjọ́ ìdána ni."

Heini rò pé ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òun bí ọkọ̀.

"Ìyá... n ò mọ̀! Mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ̀!"

"Ìwọ ò mọ̀. Òun mọ̀. Èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn yìí, ó sì na ọwọ́. Mo pariwo, ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

"Ta ló bi mí? Mo ní ọmọ yìí ti rí ẹni tó wù ú, ó kù kí ọmọkùnrin náà la ẹnu." Arúgbó náà fi ọ̀pá gbá a ní ojúgun, kò sì rọra gbá a. "Ni o bá la ẹnu!"

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Alárinà ni ọ́. Lọ jíṣẹ́."

Ó lọ jíṣẹ́ náà. Mikkal gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ní kóun wá fúnra òun, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fá irùngbọ̀n tó ti dá sí láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú. Àgbọ̀n rẹ̀ yọ jáde, funfun, bíi ti ọmọdé. Ó kun ọkọ̀ rẹ̀. Ó ra àwo tuntun. Ní gbogbo àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í béèrè.

"Irú èèyàn wo ni, Heini? Tún sọ ọ́."

"Èèyàn dáadáa ni."

"O ti sọ ìyẹn."

"Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú. Kì í rìn lọ́nà, ó máa ń fò láti orí òkúta sí òkúta. Bó bá ń bínú, ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ ni, kì í lọ sókè. Ó máa ń..."

Mikkal wò ó pẹ́.

"O wò ó dáadáa."

"Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mikkal wí. "Iṣẹ́ tí mo rán ọ ni."

Bí Heini bá sọ ọ́, ó ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó fún un ní oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, Malan yóò na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹni tí kò fẹ́, nítorí òun. Ó ń dá a rò, ó ń tú u rò, títí ìgbà fi yí, tí àwọn ẹyẹ lundi kó padà sójú òkun, tí ọjọ́ ìdána sì pé.

Gbogbo Ritoy ló wà lórí àpáta lọ́jọ́ náà. Niklas wọ aṣọ tó ní bọ́tìnì fàdákà. Wọ́n ti pa àgùntàn, òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ti dé ojú omi. Ọmọ iṣẹ́ méjì ń wa ọkọ̀ alájẹ̀, Heini jókòó sẹ́yìn, Mikkal dúró síwájú nínú kóòtù tuntun, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ọkàn bí ẹni ń gbàdúrà. Ìgbì kò burú, ṣùgbọ́n ó lágbára. Malan nìkan dúró ní ibi tí àpáta ti yọ sí omi. Ìṣó irin yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀.

Ọwọ́ ni àbí okùn? Bó bá na ọwọ́, ó parí. Bí kò bá nà á, Mikkal parí. Heini kò mọ èyí tó ń gbàdúrà fún.

Ìgbì gbé wọn sókè. Mikkal tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fò, ó na ọwọ́.

Malan yí padà, ó bọ́ okùn lára ìṣó, ó sì jù ú.

Mikkal gbá okùn náà mú, torí pé atukọ̀ ni, ọwọ́ atukọ̀ kì í jẹ́ kí okùn kọjá lásán. Lẹ́yìn náà ló wo ohun tó dì mú. Ọkọ̀ já wálẹ̀.

"Há!" Obìnrin kan ló kọ́kọ́ ké, lẹ́yìn náà gbogbo wọn.

"Malan!" Fìlà Niklas ti bọ́ sómi, kò mọ̀. "Ọwọ́! Na ọwọ́ sí i! Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

"Àlejò ni, Bàbá," ni Malan wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Okùn ni ti àlejò."

Ní ìsàlẹ̀, Mikkal yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Heini. Kí lèyí túmọ̀ sí?"

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ dé, kí ni wọ́n fi gbà ọ́?"

Heini wo ojú ẹni tó tọ́ ọ. Ó rí i pé irọ́ ò lè wọlé mọ́, àyè ti tán.

"Ọwọ́ ni."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ rẹ̀. N ò mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà náà. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wálé ni ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún mi."

"Ọjọ́ tí ò ń bọ̀ wálé." Mikkal tún un sọ bí ẹni ń kọ́ èdè. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ fẹ́ ẹ?"

Omijé tó bọ́ lójú Heini ló dáhùn.

"O wá jẹ́ kí n fá irùngbọ̀n mi," ni Mikkal wí.

Ìgbì kan gbé wọn, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Òmíràn gbé wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi àjẹ̀ gún omi, wọn ò jẹ́ wo ẹnikẹ́ni lójú. Mikkal ń wo òkun, bí atukọ̀ ṣe máa ń wò ó, láti mọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Èyí tó ń bọ̀ yìí ló máa ga jù. Dìde."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dìde, mo ní! Bí o ò bá fò, màá gbé ọ jù ni, o sì mọ̀ pé mo lè gbé ọ."

Heini dìde. Bó ṣe ń kọjá lára Mikkal, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bà lé e lẹ́yìn ọrùn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, líle, bó ṣe máa ń ṣe fún un nígbà tó bá ń lọ sí ilé ìwé. Ìgbì dé. Imú ọkọ̀ bá àpáta dọ́gba. Heini fò, ọwọ́ kan sì ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é, ó gbóná, ó le, ó dì í mú.

"O ṣì wúwo," ni Malan wí, ó bú sẹ́kún.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Mikkal láti ìsàlẹ̀. Ó ti de okùn mọ́ ìbàdí lórí kóòtù tuntun rẹ̀.

"Ará Ritoy! Ṣé ẹ kì í fa àlejò yín gòkè mọ́ ni?"

Niklas fúnra rẹ̀ ló fà á. Ọ̀rọ̀ ìbínú àti ìtìjú ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń fà á. "Ọmọ tí kò ní ilẹ̀! Tí kò ní ọkọ̀! Ojú mi rí nǹkan lónìí! Ta ni yóò wá pe dókítà fún wa? Ṣé ọwọ́ tó nà yẹn ni yóò gbé wa kọjá omi?"

Mikkal dúró lórí àpáta, omi ń ro lára rẹ̀. "Bàbá Niklas, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ mi máa wá síbí?"

"Kí ni mo tún fẹ́ láyé?"

"Àbúrò mi kan ṣoṣo ni yóò máa gbé ibí. Níbo lẹ rò pé ọkọ̀ mi tún máa lọ?"

Niklas wò ó. Ìyá àgbà Elspa fi ọ̀pá lu àpáta, ó ní ọbẹ̀ ti ń tutù, ẹni tó bá fẹ́ kú sórí àpáta kó máa kú, òun ń lọ jẹun.

Bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ, Mikkal dúró níwájú Malan. Kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí.

"Súwẹ́tà ọjọ́ yẹn," ló wí, "kò ya títí dòní."

Ìgbà kejì tó bá a sọ̀rọ̀ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Mikkal kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sì yé wá. Ó gbé dókítà wá, ó gbé àpò ìyẹ̀fun wá, ó gbé ìpanu wá fún àwọn ọmọ tí Malan bí fún Heini. Nígbàkígbà tó bá dé, Malan á wà lórí àpáta, á na ọwọ́ sí i, torí ó ti di ẹbí. Nígbàkígbà, Mikkal á mi orí.

"Okùn," ni yóò wí. "Okùn ni tèmi."

Malan á sì ju okùn sí i, á wọlé lọ.

Ogun dé, ogun lọ. Ìyá àgbà sùn, Niklas sùn tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ síbi tí igi wà, síbi tí èèyàn ti lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìfò. Ilé kan ti ilẹ̀kùn, òmíràn ti ilẹ̀kùn, títí ó fi ku ilé Heini. Nígbà tó yá, àwọn náà di ẹrù.

Mikkal ló wá kó wọn. Ó ti darúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti padà hù, ó funfun dé àyà. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun gan-an ni yóò dúró síwájú ọkọ̀ alájẹ̀. Àwọn ọmọ fò sínú ọkọ̀, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, Heini náà sọ̀ kalẹ̀ nínú súwẹ́tà ògbólógbòó tí wọ́n ti lẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ku Malan. Ó dúró lórí àpáta, ó wo òkè, ó wo òrùlé tí àgùntàn kò gùn mọ́. Ó na ọwọ́ sí ìṣó irin láti bọ́ okùn, kó lè fi sọ ara rẹ̀ kalẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni Mikkal wí.

Malan bojú wolẹ̀. Ọkùnrin arúgbó náà ti dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè sí i.

"Malan. Fò."

Ó fò. Mikkal gbà á.

Okùn náà ṣì wà lára ìṣó níbẹ̀. Kò sí ẹni tó yíjú padà mú un.